Kọ̀ǹpútà Màámi Kò Tíì Dé Ààtàn: Àkọsílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ Méjì

Sátidé

Láàpútọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló wà nílé wa ní Adátán, l'Abẹ́òkúta, òun la sì ń lò láti bí ọdún mẹ́wàá ó lé. Inú rẹ̀ ni Màámi kó àwòrán gbogbo bátànì àdìrẹ tí wọ́n ń tà ní Ìtòkú sí. Ibẹ̀ náà ni ìwé gbèsè àwọn oníbàárà wọn wà. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, èyí tí Microsoft gbé jáde ní oṣù keje ọdún 2015. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, wọ́n ṣíwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí i.

Kọ̀ǹpútà ò kú lọ́jọ́ náà o. Ó ń tàn, ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò yòówù tí olè bá rí lára rẹ̀ láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó máa dí i. Ẹ̀rọ tí Màámi fi ń wo owó wọn ní báńkì ni, ọkàn mi ò lè balẹ̀ kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ wò ó bóyá yóò gba Windows 11. Kò gbà á. Ọpọlọ rẹ̀ (processor) jẹ́ Core i5 ìran kẹta ti Intel, ti ọdún 2012, Windows 11 sì ń béèrè ìran kẹjọ sókè lọ́dọ̀ Intel, pẹ̀lú TPM 2.0, ẹ̀yà kékeré tó ń pa kọ́kọ́rọ́ àṣírí mọ́ nínú ẹ̀rọ. Mo tẹ tpm.msc, ó ní òun ò rí TPM kankan. Ọ̀nà ẹ̀bùrú wà tí àwọn kan fi ń tì í wọlé, ṣùgbọ́n n ò fẹ́ ẹ. Microsoft fúnra wọn ti sọ pé àwọn ò ṣèlérí àtúnṣe fún ẹ̀rọ tí kò bá kún ojú òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe yẹn gan-an ni mò ń wá. Ọdún kan tí wọ́n bù kún Windows 10 fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ náà, oṣù kẹwàá 2026 ni yóò tán. Ibi tí mo dúró sí yìí náà ni màá tún bá ara mi.

Linux Mint 22.2 ni mo mú, ètò ọ̀fẹ́ mìíràn tó lè gba ipò Windows. Wọ́n ní àtúnṣe yóò máa dé sí i títí di ọdún 2029. Zara ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ obìnrin ni wọ́n máa ń fún gbogbo ẹ̀dà wọn: Wilma ló ṣáájú, Xia tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú

Kíkó ẹrù jáde nìkan ni mo ṣe lónìí, ó sì gbà mí láti ìgbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó má ṣe kánjú níbí. Bí ẹ bá ba ètò tuntun jẹ́, ẹ ó tún un gbé sórí ẹ̀rọ. Àwòrán tó bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n kó ẹrù yín jáde ná kí n tó wó ilé."

Wọ́n ní, "Ọkọ mi, bí ẹyọ kan bá sọnù nínú ẹ̀, ìwọ lo máa padà lọ yà á o."

Mo rò pé fódà Pictures ni gbogbo rẹ̀ wà. Irọ́ ni. Àwọn kan wà lórí Desktop, àwọn kan wà ní Downloads, àwọn tí oníbàárà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sì wà nínú fódà tí n ò mọ̀ pé ó wà rárá. Mo fi .jpg wá gbogbo inú disk, mo rí 3,412. Mo da wọ́n kọ sórí hard disk ìta, mo tún kà wọ́n níbẹ̀: 3,412. Iye tó bára mu nìkan ò tó mi, nítorí fáìlì lè dé kó má ṣí. Mo ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú fódà kọ̀ọ̀kan, mo ń ṣí i wò. Ọ̀kan nínú wọn ni páànù tí bàbá àgbà fi gé bátànì, èyí tí wọ́n máa ń gbé lé aṣọ kí wọ́n tó fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́. Ìpẹtà ti jẹ etí rẹ̀ lápá òsì, ihò kékeré tí wọ́n fi ìṣó lu sì tò bí eyín. Páànù yẹn ti sọnù nígbà tí a kó ilé. Àwòrán yẹn nìkan ló kù.

Mo da ìyẹn kọ sórí fíláṣì lọ́tọ̀.

Ọjọ́rú, òru

Fáìlì Mint fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3GB, nítorí náà dátà òru ni mo rà. Wọ́n mú iná ní aago méjì ku díẹ̀, bátìrì ẹ̀rọ ò sì lè dá dúró mọ́. Nígbà tí iná dé, ó ń bá a lọ, ó parí, mo sì rò pé ó ti bọ́ sí i.

Ẹ má fo ìgbésẹ̀ tó kàn yìí. Àwọn tó ń ṣe Mint máa ń kọ SHA256 fáìlì wọn síta, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 tí yóò yí padà pátápátá bí ohun kékeré kan bá yẹ̀ nínú fáìlì. Mo ṣí Command Prompt, mo tẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, SHA256. Láti lẹ́tà àkọ́kọ́ ni wọn ò ti jọra. Ibi tí iná ti lọ yẹn ló bà á jẹ́. Ká ní mo fi í síbẹ̀, àárín iṣẹ́ ni ì bá ti já mi kulẹ̀. Òru Ọjọ́bọ̀ ni mo tún un gbà, gbogbo 64 sì bára mu. Rufus, ètò tó ń sọ fíláṣì di èyí tí ẹ̀rọ lè tàn láti orí rẹ̀, ni mo fi kọ ọ́ sórí fíláṣì.

Sátidé kejì

Mo lọ sí Pánṣẹ́kẹ́ láàárọ̀ lọ ra SSD 240GB (disk tó yára ju hard disk lọ) àti RAM 8GB (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́). Mo sọ fún ọmọkùnrin tó tà á fún mi pé DDR3, irú RAM tí ẹ̀rọ wa ń lò, ni mo fẹ́. Ó ní òun gbọ́. Mo délé, mo tú ìdè mọ́kànlá lábẹ́ ẹ̀rọ (ọ̀kan sá pamọ́ sábẹ́ rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀), mo gbé RAM sí ojú ihò, kò wọlé. Ojú kékeré tí wọ́n gé sí etí rẹ̀ ò bá ti ihò mu. Mo yí i sójú iná: DDR4 ni wọ́n kọ sí i. Ẹnu onírin (pin) 204 ni ti DDR3 láàpútọ́ọ̀pù, ti DDR4 jẹ́ 260. Mo dúpẹ́ pé n ò fi agbára tẹ̀ ẹ́. Mo padà lọ, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láìjà, àmọ́ ọ̀sán ti pọ́n. Ẹ ka ara rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó.

Hard disk àtijọ́, n ò pa nǹkan kan rẹ́ lórí rẹ̀. Mo yọ ọ́ bó ṣe wà, mo fi àkísà àdìrẹ wé e, mo kọ ọjọ́ sí i lára, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí gbogbo nǹkan bá dàrú, mo kàn ní láti dá a padà sí àyè rẹ̀ ni.

Gbígbé Mint sórí rẹ̀ kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, kò sì sí ìtàn níbẹ̀. Wi-Fi nìkan ló kọ̀. Broadcom ló ṣe káàdì rẹ̀, kò sì rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Mo fi wáyà so fóònù mi mọ́ ọn, mo tan USB tethering, íntánẹ́ẹ̀tì dé. Mo ṣí Driver Manager, ibi tí Mint ti ń wá ètò tí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ nílò, ó rí ohun tí Broadcom ń fẹ́, mo ní kó gbà á, mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn. Wi-Fi ilé wa yọjú.

Tẹ́lẹ̀, kó tó tàn tán, Màámi á ti dá ẹ̀bà. Nísinsin yìí, n ò tíì ka àádọ́ta tó fi ṣí.

Ọjọ́ Àìkú kejì

Èdè ni mo fi gbogbo òní ṣe, èyí ló sì wù mí jù. Abẹ́òkúta yìí ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní èdè Yorùbá ní ọdún 1859. Kò yẹ kí ẹ̀rọ tó wà nílé Ẹ̀gbá má lè kọ ẹ àti ọ dáadáa.

Nínú ètò kíbọ́ọ̀dù, mo sọ Alt apá ọ̀tún di Compose. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, tí mo tẹ ! tí mo sì tẹ e, ẹ jáde. Bí mo bá fi s dípò e, ṣ ni. Tí mo bá tẹ àmì ` àti a, à ni. Ibi tó ti le ni ẹ́ àti ọ̀, nítorí Unicode, ìlànà àgbáyé tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ò fún àwọn yẹn ní àmì àdáni. Lẹ́tà kan àti àmì ohùn tó dúró lé e lórí ni. Nínú LibreOffice, ètò ọ̀fẹ́ tí a fi ń kọ ìwé, mo kọ ẹ, mo kọ U+301 (nọ́ńbà àmì òkè), mo tẹ Alt pẹ̀lú X, àmì òkè gun orí rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n n ò lè ní kí Màámi máa ṣe gbogbo ìyẹn lórí ìwé gbèsè.

Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti AutoCorrect, ibi tí LibreOffice ti ń tún ọ̀rọ̀ kọ fúnra rẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ eleko, ó di ẹlẹ́kọ. Adire di àdìrẹ, gbese di gbèsè. Orúkọ oníbàárà náà wà níbẹ̀. Mo ti kó 86 sí i.

Lálẹ́, wọ́n fa àga, wọ́n ṣí ìwé gbèsè. Ti Excel ni, LibreOffice sì ṣí i láìyẹ̀, àròpọ̀ ìsàlẹ̀ bára mu pẹ̀lú èyí tí mo ti kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kó ẹrù. Wọ́n tẹ orúkọ ẹnìkan, wọ́n rí i tí àmì fúnra rẹ̀ wá sórí lẹ́tà. Wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún un tẹ̀.

"Ta ló ń fi í sí i?"

Mo ní ẹ̀rọ ni, Màámi.

Wọ́n ní kí n fi àwòrán páànù bàbá àgbà sójú ẹ̀rọ kí àwọn máa rí i. Mo ti fi í síbẹ̀. Ó ku fáànù inú rẹ̀ tó ń pariwo. Eruku ti dí i, Sátidé tó ń bọ̀ ni màá tú u fọn.