Mọ́tò ló pa Tolúlọpẹ́, ẹ yé fi dẹ́rù ba àwọn ọmọ wa

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí wọra ni mo ṣe ń kọ ọ́, ó sì dá mi lójú pé kì í ṣe ilé tiwa nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ṣé ẹnì kan wà ní Ìjùmú, Kàbà tàbí Yàgbà ní Kogi tí ò mọ Tolúlọpẹ́ Arótilé, ọmọ Iffe, obìnrin àkọ́kọ́ tó wa hẹlikọ́pítà ìjà ní Air Force Nàìjíríà? Gbogbo wa la sunkún ẹ̀ lọ́dún 2020. Àmọ́ ohun tá a wá ń fi orúkọ ọmọ yẹn ṣe báyìí ò dáa rárá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fẹ́ gba fọ́ọ̀mù NDA, iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, ni wọ́n bá pe mọ̀lẹ́bí jọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bùọ̀dá wa àgbà ní, "Ṣé ẹ ò rí ti ọmọ Iffe ni?" Màmá ọmọ ti ń sunkún nígbà yẹn. Bùọ̀dá bá ṣí fọ́nù, wọ́n wá fọ́tò ìsìnkú Àbújá jáde, èyí tí wọ́n fi àsìá Nàìjíríà bo pósí, wọ́n gbé e sí ọmọ náà lójú, wọ́n ní, "Wò ó dáadáa. Bí wọ́n ṣe máa gbé ìwọ náà nìyẹn." Ẹ gbà mí! Ọmọ tí ò tíì pé ogún ọdún! Kò sunkún, kò sì gbójú kúrò, ó kàn ń fi èékánná ha ọ̀dà ara àga tó jókòó lé, ọ̀dà yẹn ń já bọ́ sílẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Bùọ̀dá ò sì gbé fọ́nù kúrò. Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó lanu, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sà, mọ́tò ló pa wọ́n, kì í ṣe bàálù."

Ilé dàrú. Wọ́n ní ó ti ń dá àgbà lóhùn. Èmi ni mo dìde pé òótọ́ ló sọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn: kẹ́ ẹ tó fi ikú ẹnikẹ́ni dẹ́rù ba ọmọ, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó pa ẹni náà. Ọjọ́ 14 oṣù July 2020, nínú bárékè Air Force ní Kàdúná ni. Ìwádìí tí Air Force gbé jáde sọ pé ó lọ ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ní mammy market, ìyẹn ọjà inú bárékè, àwọn tí wọ́n jọ lọ síléèwé rí i níbi tó ti ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, wọ́n rìfáàsì kí wọ́n lè kí i, mọ́tò gbá a látẹ̀yìn, ó fi orí gbálẹ̀. Ọmọ ọdún 24. Ẹni tó ń fò nínú Operation Gama Aiki, tó ń lé bándí ní Niger State, tó ń balẹ̀ láyọ̀! Ta ló wá fi òfin de ọmọ pé kó má wọ mọ́tò mọ́? Ọ̀nà Kàbà sí Ọbàjànà yìí, láàárín tírélà, ọmọ náà ń gba ibẹ̀ lọ Lọ́kọ́ja, ẹnì kankan ò pe mọ̀lẹ́bí jọ.

Kẹ́nì kan má sọ pé mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ológun léwu o. Mo mọ̀. May 2021, ní Kàdúná yẹn náà, bàálù já, èèyàn 11 kú, Attahiru tó jẹ́ olórí àwọn sójà wà nínú wọn. Ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ, òótọ́ ni. Ẹ má ṣáà fi irọ́ kún un.

Àwọn kan tún ń sọ pé àwọn ayé ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ní mọ́tò ni.

Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n rí fọ́tò mìíì. Ọdún 2011 ni NDA ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àwọn obìnrin láti wá kọ́ṣẹ́ ogun, Tolúlọpẹ́ wọlé lọ́dún 2012, ó ka Mathematics, ó lọ kọ́ hẹlikọ́pítà ní South Africa, wọ́n fún un ní wing, ìyẹn báàjì àwọn tó ń wa bàálù, ní October 2019. February 2020 òun ló dúró ní Eagle Square, tó ń fi hẹlikọ́pítà Agusta 109 tuntun han Buhari. Fọ́tò yẹn wà nínú fọ́nù Bùọ̀dá náà, wọn ò fi han ọmọ.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, bàbá ọmọ ti gbà, NDA ló fi ṣe first choice ní JAMB. Bùọ̀dá ṣì ń bínú sí mi. Màá lọ bẹ̀ wọ́n nítorí ariwo tí mo pa níwájú àlejò, àmọ́ mi ò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.