Ìṣẹ́jú mẹ́rin tí kò tán

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ṣíṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì mi ni. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà ní ó ku ìṣẹ́jú 4. Mo jókòó tì í. Kò pẹ́, ó di wákàtí 2, ó já wálẹ̀ sí ìṣẹ́jú 50, ló bá tún fò sí wákàtí 3.

Fídíò ńláńlá ló kọ́kọ́ ń kọjá, ìyẹn sì yá. Ìgbà tó kan ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń sáré lọ́wọ́lọ́wọ́ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò àkókò tó kù.

Àwòrán ìyá mi wà níbẹ̀. "Ó ku ìṣẹ́jú àáyá 1" yẹn lo ìṣẹ́jú 11 lójú mi, mi ò sì lè fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ṣé ó ti ṣe ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀ rí?