Àfikún gàráńtì ọkọ̀ tuntun: ẹ má tíì fọwọ́ sí i

Ẹni tó bá lọ ra ọkọ̀ tuntun ní Kùtọnu, tó fẹ́ wà á bọ̀ wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu tàbí Ṣábẹ̀, nígbà tó bá kù díẹ̀ kó gba kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n máa ń gbé ìwé kan sí i níwájú. Wọ́n á ní gàráńtì ilé iṣẹ́ kì í pẹ́ parí, pé tó bá fi owó díẹ̀ kún un, àwọn á fún un ní ọdún méjì sí i. Ó ti rẹ ẹni náà látàárọ̀, ó sì ti san mílíọ̀nù lórí mílíọ̀nù. Kò ní ka ìwé náà, á kàn fọwọ́ sí i ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn.

Gàráńtì tó bá ọkọ̀ wá, ẹ ti san owó rẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀. Ti Toyota, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ọdún 3 tàbí 100,000 kìlómítà ni, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹ má sì fi ohun tí wọ́n ń ṣe ní Yúróòpù ṣe ìṣirò níbí. Kia ń fún wọn lọ́hùn-ún ní ọdún 7 tàbí 150,000 kìlómítà, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n bá fún yín ní Benin nìkan ló lè gbèjà yín. Àfikún kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi tí ti àkọ́kọ́ bá parí, nítorí náà owó tí ẹ san lónìí lè jókòó fún ọdún mẹ́ta gbáko láìṣe nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló sì gbà kí èèyàn rà á nígbàkigbà, bí gàráńtì àkọ́kọ́ bá ṣì wà. Ẹ béèrè oṣù tó gbẹ̀yìn tí wọ́n lè tà á fún yín, iye kìlómítà tí ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ tíì kọjá, àti iye tí yóò jẹ́ nígbà yẹn. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i.

Bí ọkọ̀ ṣe ń bàjẹ́ fúnra rẹ̀ ló fi hàn pé ó dára kéèyàn dúró. Ẹ̀yà tí wọn kò ṣe dáadáa láti ilé iṣẹ́ kì í pẹ́ tú ara rẹ̀ fó: kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á máa tan iná, gíà á máa ta, ojú ẹ́ńjìnì á máa sun ọ́ìlì. Gbogbo èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí gàráńtì àkọ́kọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Gbígbó ní tirẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀la ló ń dé. Àárín méjèèjì, ìyẹn ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún, ni ọkọ̀ tí wọ́n tọ́jú máa ń jẹ́ jẹ́ẹ́ jù lọ, àárín yẹn gan-an sì ni wọ́n ń tà fún yín.

Ẹ wá mú bírò. Ẹni tó ń gbé Àjàṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kùtọnu, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 70 kìlómítà lóòjọ́. Ọjọ́ iṣẹ́ 250 lọ́dún, 17,500 nìyẹn. Fi ìrìn òpin ọ̀sẹ̀ kún un, ó di 20,000. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kò ju 60,000 lọ. Ọjọ́ ló máa parí gàráńtì rẹ̀, kì í ṣe kìlómítà, àfikún ọdún méjì á sì pé ọdún méjì lóòótọ́. Ẹ wá wo ẹni tó ń ti Ṣábẹ̀ kó ẹrù lọ Kùtọnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ tó 500 kìlómítà, ìyẹn 1,500 lọ́sẹ̀, nǹkan bí 75,000 lọ́dún. Oṣù 16 péré ló máa fi kan 100,000. Bí àfikún bá dúró sí 150,000, oṣù 8 ló rà, kì í ṣe ọdún méjì. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀pọ̀ ìwé kọ ọkọ̀ tó ń kérò tàbí tó ń kẹ́rù gbowó sílẹ̀ pátápátá. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó tà á fún un mọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe.

Inú ẹ́ńjìnì, àpótí gíà, kọ̀ǹpútà, alternateur (tó ń fi iná sí bátìrì), démarreur (tó ń ta ẹ́ńjìnì jí) àti compresseur ẹ̀rọ amúlétutù ni àfikún sábà máa ń bò. Kì í bo páàdì bíréèkì, díìsìkì embrayage (kílọ́ọ̀ṣì), táyà, bátìrì, gílóòbù, fílítà àti bẹ́líìtì. Ọ̀pọ̀ ni kò bo amortisseur (tó ń gba gbígbọ̀n ọ̀nà) àti rotule (oríkèé ẹsẹ̀ táyà) pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń rìn lójú ọ̀nà erùpẹ̀ pupa ní agbègbè Kétu mọ̀ pé abẹ́ ọkọ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ, tí eruku sì ń dí fílítà afẹ́fẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ohun tí ọ̀nà wa ń bàjẹ́ gan-an ni ìwé náà kò kà sí.

Ọ̀rọ̀ epo ló ń dùn mí jù, torí òun ni wọ́n fi ń kọ ẹ̀bẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn. Epo kpayo, ìyẹn epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà tí wọ́n ń tà nínú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì, máa ń ní omi, ìdọ̀tí, nígbà mìíràn kẹrosíìnì. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì òde òní ń fi agbára tó ju 1,500 bar lọ ta epo gba ihò injecteur (ẹ̀yà tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì) tí kò fẹ̀ ju fọ́nrán irun bíi mélòó kan lọ. Atẹ́gùn inú táyà, ẹ rántí, kò ju 2 sí 3 bar. Omi díẹ̀ tó bá dé ibẹ̀, ìparun ni. Injecteur á máa jò, ẹ́ńjìnì á máa tú èéfín dúdú, ooru á sì lè dá ihò sí orí písítìn. Bí ẹ bá gbé e dé gárájì, fílítà epo ni wọ́n á kọ́kọ́ tú. Bí wọ́n bá bá omi àti ìpẹtà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kpayo kò tilẹ̀ pọ́ọ́kú mọ́ bíi tàtijọ́. Ẹni tí kò bá lè yẹra fún un, kó má ra àfikún rárá.

Ìtọ́jú ló tẹ̀ lé e. Ìwé máa ń béèrè pé kí ẹ gbé ọkọ̀ wá sí gárájì tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí, ní gbogbo 10,000 kìlómítà tàbí lọ́dọọdún, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí carnet, ìwé ìtọ́jú ọkọ̀. Òfin Yúróòpù kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ fipá mú èèyàn lọ sí gárájì tirẹ̀ kí gàráńtì tó dúró, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé òfin yẹn ní Benin. Láti Ṣábẹ̀ lọ Kùtọnu fún ọ́ìlì lásán, bí ọkọ̀ bá ń jẹ lítà 8 ní 100 kìlómítà, lítà 40 ló máa jẹ lálọ lábọ̀, yàtọ̀ sí ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣòfò. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ kún owó àfikún. Gbogbo facture normalisée (rìsíìtì tí ìjọba fọwọ́ sí) ni kí ẹ tọ́jú, títí kan ti ilé epo.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan wà nínú ìwé náà tí ẹ gbọ́dọ̀ wá: franchise (owó tí ẹ̀yin fúnra yín máa san nínú àtúnṣe), plafond (iye tí wọn kò ní san kọjá) àti vétusté (iye tí wọ́n ń yọ nítorí pé ọkọ̀ ti gbó). Vétusté ló ń jẹ owó jù. Ká ní àpótí gíà bàjẹ́, ẹ̀yà rẹ̀ jẹ́ 1,400,000 fráǹkì, iṣẹ́ ọwọ́ 400,000. Bí wọ́n bá yọ 40 nínú 100 kúrò lórí ẹ̀yà nítorí ọjọ́ orí ọkọ̀, 840,000 ni wọ́n á san níbẹ̀. Fi iṣẹ́ ọwọ́ kún un, yọ franchise 75,000, ó ku 1,165,000. Ẹ̀yin á ṣì san 635,000. Ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan tú ẹ́ńjìnì kí wọ́n tó fún yín láṣẹ lórí ìwé, torí ìyẹn nìkan tó láti fagi lé ohun gbogbo. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ìlárá tàbí Igolo kọjá sí Nàìjíríà, ẹ wo orílẹ̀-èdè tí ìwé dárúkọ, kí ẹ sì wo iye kìlómítà tí wọ́n máa fà yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ta ni mo máa sọ fún pé kó rà á? Ẹni tó ń gbé Àjàṣẹ́, tó ń rin 20,000 lọ́dún, tí ọkọ̀ rẹ̀ ní turbo (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì) àti gíà tó ń dá ṣiṣẹ́, tó fẹ́ lò ó kọjá ọdún márùn-ún, tí kò sì lè wá mílíọ̀nù kan lójijì. Fún un, bí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fúnra rẹ̀ bá dúró sẹ́yìn ìwé náà, owó rẹ̀ kò ṣòfò. Ọkọ̀ bẹntiróòlù tó ní gíà ọwọ́, tí kò ní turbo, kò nílò rẹ̀. Bí wọ́n bá pe àfikún ní 600,000, ẹ fi 17,000 pamọ́ lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta. Bí nǹkan kan kò bá bàjẹ́, owó yín ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Yálà ẹ rà á tàbí ẹ kò rà á, ní oṣù kẹtàlélọ́gbọ̀n, ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò gbogbo ara, kí gàráńtì àkọ́kọ́ tó parí. Kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n wo ibi tí ọ́ìlì ti ń sun, kí wọ́n ka ohun tí kọ̀ǹpútà tọ́jú, kí wọ́n gbọ́ ariwo gíà, kí wọ́n dán ẹ̀rọ amúlétutù wò. Ohunkóhun tí wọ́n bá rí, ẹ gbà á lórí ìwé tó ní ọjọ́, kìlómítà àti òǹtẹ̀, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan lọ sílé.