Lekki Ló Pupa Lórí Máàpù, Ìjẹ̀bú-Òde Ni Iṣẹ́ Wà

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi gèlè wíwé àti makeup jẹun, tí àwọn oníbàárà ń fi fóònù búùkù yín, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń gbóná lára mi. N kò fẹ́ kó tutù kí n tó sọ ọ́, torí tó bá tutù, mo máa dárí ji àbúrò ọkọ mi, n ó sì gbé ibi tó yẹ kí ẹ gbọ́ mì.

Súrùlérè ni ṣọ́ọ̀bù wa, àmọ́ ilé oníbàárà la ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹni tó bá fẹ́ wa á kún fọ́ọ̀mù: orúkọ, ọjọ́, iye orí tí a máa wé, àdúgbò tó ń gbé, àti ibi tí òde wà. Gbogbo rẹ̀ á já sínú Google Sheets, ìwé onílà orí íńtánẹ́ẹ̀tì; búkíìnì kan, ìlà kan. Àbúrò ọkọ mi ló fi Looker Studio, irinṣẹ́ Google kan, sọ ọ́ di dáṣíbọ́ọ̀dù, ìyẹn ojú ìwé tó ń fi àkọsílẹ̀ hàn bí àwòrán, ọ̀fẹ́ sì ni. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó wuyì. Àdúgbò tí búkíìnì ti pọ̀ á pupa bẹ́lẹ́jẹ́ lórí máàpù, èyí tí kò tó nǹkan á funfun báláú.

Lekki pupa bẹ́lẹ́jẹ́. Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn rárá.

Mo ní, “Ọkọ mi kékeré, Ojúde Ọba ń bọ̀ o. Ṣé ẹ rántí?” Ó ní, “Ìyàwó wa, máàpù kì í ṣègbè.” Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ mọ̀ pé èèyàn kì í bá àbúrò ọkọ fa ọ̀rọ̀ títí kó dariwo. Ó fi owó ṣọ́ọ̀bù gba yàrá ní Lekki, ó kó àwọn ọmọ iṣẹ́ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ Iléyá, ó sì tẹ àdírẹ́ẹ̀sì ilé àwọn oníbàárà ránṣẹ́ sí wọn. Mo ṣáà mú ọmọ kan, mo forí lé Ìjẹ̀bú-Òde.

Iléyá ọdún 2025, ọjọ́ Friday 6 June ló bọ́ sí. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ìyẹn Sunday 8 June. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń pè. Wọ́n ti dé ẹnu géètì ilé àkọ́kọ́, wọ́n gbé àpótí makeup lérí. Mégáàdì ní, “Madam ti lọ sí Ìjẹ̀bú láti Friday.” Ilé kejì, ọ̀rọ̀ kan náà. Ilé kẹta, ajá nìkan ló dá wọn lóhùn.

Lọ́wọ́ tèmi níbí, mo wà nínú àgbàlá Alájà kan. Dáṣíbọ́ọ̀dù ní búkíìnì kan ṣoṣo ló ti ọ̀dọ̀ Alájà wá, ìyẹn kò sì parọ́: ìlà kan ni. Ṣùgbọ́n nínú ìlà yẹn, níbi tí wọ́n ti ń kọ iye orí, Alájà kọ 24. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn ni wọ́n jókòó lórí àga rọ́bà yẹn, aṣọ kan náà lọ́rùn gbogbo wọn, gèlè aṣọ òkè tuntun lórí itan. Ẹ mọ aṣọ òkè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lọ́wọ́ ahunṣọ. Ó gan. Tí ẹ bá ká a lápá òsì, apá ọ̀tún á tú. Mo fi eyín di píìnì mú, ọmọ iṣẹ́ mi di ìdí gèlè mú, a wé èyí, a wé tọ̀hún. Ìlù ti ń dún lọ́nà ààfin. Ìyá kan dìde, ó gba gèlè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní òun á kúkú wé e bí ìyá òun ṣe ń wé e. Alájà wò mí láti inú dígí ọwọ́ wọn, wọ́n ní, “Ìyá Gèlè, ṣé orí kan péré ni mo sọ fún yín pé mo ní ni?”

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ara mi ń gbọ̀n.

Fóònù sì tún ń dún. Àwọn madam Lekki ni, gbogbo wọn ti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, nílé ìyá wọn, wọ́n ń béèrè ibi tí a dé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ bọ̀, àmọ́ kí wọ́n tó wọ̀lú, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti tò jáde, ẹlẹ́ṣin ti ń múra. Àwọn kan lọ sí ojúde pẹ̀lú fìlà auto-gele tí wọ́n sáré rà lójú ọ̀nà. Wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n táàgì wa.

A bẹ̀bẹ̀, a dá owó padà, Alájà ti gbà wá padà. Ó parí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú èyí àkọ́kọ́ ju ìyókù lọ: kí ẹ tó gba máàpù gbọ́, ẹ béèrè pé àdúgbò ta ló ń kà. Ibi tí oníbàárà ń sùn ni, àbí ibi tí orí tí ẹ máa wé wà? Ohun tí oníbàárà kọ sí “àdúgbò tí mò ń gbé” ni ọkọ mi kékeré fi ya máàpù, ó sì fi “ibi tí òde wà” sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú Sheets kan náà. Owó wà ní Lekki, orí wà ní Ìjẹ̀bú.

Ẹ ka orí, ẹ má ka ìlà. Looker Studio fúnra rẹ̀, Record Count ló máa ń kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, iye ìlà nìyẹn. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ ní kó ro iye orí pọ̀. Ká ní ó ti ṣe bẹ́ẹ̀, Alájà nìkan ì bá ti mú Ìjẹ̀bú-Òde pọ́n díẹ̀.

Ẹnìkan ti ní ká máa wo ìlú tí Google Analytics, irinṣẹ́ tó ń ka àwọn tó ń wọ ojú ìwé ẹni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń kọ. Àdírẹ́ẹ̀sì IP, nọ́ńbà tí fóònù fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, nìyẹn fi ń mọ ìlú, tí èèyàn bá sì ń lo dátà fóònù, ó lè wà ní Ìbàdàn kó kọ Lagos fún un. Kò tilẹ̀ tún jẹ́ ibi tí orí wà. Ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ náà ni.

Ti pé kí dáṣíbọ́ọ̀dù fi oṣù yìí wé oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Oṣù òkè ni Iléyá ń tẹ̀ lé. Lọ́dún 2024, 18 June ni Ojúde Ọba. Lọ́dún 2025, 8 June. Ní March 2025 bákan náà, Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní 1 March, Ash Wednesday, tí ààwẹ̀ Lent ń bẹ̀rẹ̀, jẹ́ 5 March, gbogbo àdúgbò funfun báláú, ọkọ mi kékeré sì fẹ́ ká já owó iṣẹ́ wálẹ̀. Mùsùlùmí ń gbààwẹ̀, ìjọ Àgùdà àti Áńgílíkà kì í sáábà so yìgì nínú Lent. Ta ló fẹ́ wé gèlè?

Ẹni tó bá máa sọ pé èmi ló yẹ kí n yẹ̀ ẹ́ wò: ta ló fún mi ní password? Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Iléyá ni mo tó rí i gbà.

Ó ti yí i padà báyìí. “Ibi tí òde wà” ló ń ya máàpù, iye orí ló ń kà. Ìjẹ̀bú-Òde wá pupa bẹ́lẹ́jẹ́, ló bá tún gbé e wá: ká gba ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, owó ọdún méjì. Mo ní kó kọ́kọ́ fi oṣù sẹ́ máàpù náà, kó yọ June kúrò, kó wá fi ohun tó kù hàn mí.