Accessible Beige àbí Kilim Beige: Bí Mo Ṣe Ń Yàn

Nínú iṣẹ́ ilé kíkùn tí mò ń ṣe ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè kan kì í kúrò lẹ́nu àwọn onílé: nínú ọ̀dà Accessible Beige àti Kilim Beige, tí ilé iṣẹ́ Sherwin-Williams ń ṣe, èwo ni kí àwọn kùn sí pálọ̀? Lórí káàdì, àwọn méjèèjì dà bí iyanrìn gbígbẹ. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bí ọ̀dà ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 100, jẹ́ 58 fún Accessible àti 57 fún Kilim. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà yẹn nìkan yan ọ̀dà kò tíì yan nǹkan kan.

Àwọ̀ tó fara pamọ́ sínú wọn ni kí ẹ wò. Accessible ní àwọ̀ eérú nínú, ó sì máa ń bá táìlì aláwọ̀ eérú mu dáadáa. Ti Kilim jọ ọsàn, ó sì ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀. Nílé ìyá kan, mo gbé pátákó tí mo kun Kilim sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn onígi oak tó ti pọ́n, lójú ẹsẹ̀ ni pupa inú rẹ̀ yọ síta, tí Màmá fi bi mí pé, “Ṣé ọ̀dà àárọ̀ náà nìyí?”

Ní Amẹ́ríkà níbí, yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àríwá kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oòrùn tààrà, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń ní búlúù díẹ̀, èyí tó lè mú kí Accessible dà bí eérú pọ́ńbélé. Kilim ni mo máa ń dábàá fún irú yàrá bẹ́ẹ̀, àyàfi tí ilẹ̀ onígi tó pọ́n bá wà níbẹ̀.

Ẹ má ṣe dán ọ̀dà wò lórí ògiri tó ti ní àwọ̀ mìíràn, nítorí àwọ̀ àtijọ́ yóò tan ojú yín jẹ. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì sórí pátákó funfun, ẹ fi etí funfun sílẹ̀ yí i ká, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá máa gbé e kiri láàárọ̀ àti lálẹ́, nígbà tí gílóòbù bá ti tàn. Ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ń yẹ ọ̀dà wò, bẹ́ẹ̀ alẹ́ gan-an ni wọ́n ń jókòó sí pálọ̀. Bí ilé ìtajà mìíràn bá sì bá yín po àwọ̀ tí ẹ yàn, ẹ tún pátákó tuntun kùn, nítorí àdàpọ̀ wọn kì í sábà bá ojúlówó mu délẹ̀.