Bí awọ òde hemoglobin ṣe lè pòórá díẹ̀díẹ̀ nínú PyMOL

Tí fídíò bá fẹ́ ṣí inú protein payá, awọ òde rẹ̀ kò gbọdọ̀ já kúrò lójijì. Bó bá já, ojú ẹni tó ń wò ó ti ṣáko nìyẹn: kò ní mọ apá ibi tí ohun tó kù wà lára èyí tó ti lọ. Ẹ wo kùrukùru òwúrọ̀ lórí àwọn òkè Ìjùmú. Bó ṣe ń ká ni àpáta ń yọ, kò sì sí ẹni tó ń ṣi ibi tí òkè náà wà mọ̀. Iṣẹ́ fade-out nìyẹn.

PyMOL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán molecule, la ó fi ṣe é. Ẹ jẹ́ ká lo 2HBS nínú Protein Data Bank, ibi tí wọ́n kó ìrísí àwọn protein jọ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Hemoglobin S ni, irú hemoglobin (protein tó ń gbé oxygen nínú ẹ̀jẹ̀) tó ń fa fòníkú-fọ̀ladìde. Amino acid tó ń jẹ́ valine ló jókòó sí ipò 6 lórí ẹ̀wọ̀n beta rẹ̀ níbi tó yẹ kí glutamate wà. Valine yìí ń wọ kòtò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Phe85 àti Leu88 (amino acid ipò 85 àti 88) lára hemoglobin mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń so mọ́ra di okùn gígùn. Ojú ìsopọ̀ yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ rí.

fetch 2hbs, hb
create awo, hb and polymer
hide everything
show cartoon, hb
show surface, awo
show spheres, hb and resn VAL and resi 6
show sticks, hb and chain B+D+F+H and resi 85+88
mset 1 x180

Ẹ jẹ́ kí fetch parí kí ẹ tó tẹ ìlà kejì. A ya awọ (surface) sọ́tọ̀ bí object tirẹ̀, awo, kó má baà fa cartoon, àwòrán ẹ̀wọ̀n protein bíi rìbọ́nù, lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, àti pé enable àti disable kì í jẹ́ kí PyMOL tún surface kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ rèé. Awọ protein dà bí ìkòkò: ó ní ògiri iwájú, ó ní ti ẹ̀yìn. Tí ògiri méjèèjì bá ń hàn (Multi-Layer lábẹ́ Setting, Transparency), tí transparency sì jẹ́ 0.5, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló la ti iwájú kọjá, ìdajì ìyẹn ló sì la ti ẹ̀yìn kọjá. Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló dé ọ̀dọ̀ wa, 75 ṣì bò. Ìdí nìyí tí fade tó ń lọ ní ìṣísẹ̀ kan náà fi máa ń dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan ní ìbẹ̀rẹ̀, tó wá ń sáré lọ ní ìparí. Square root (**0.5) ló ń tún un ṣe:

python
for n in range(1, 181):
    f = min(max((n-60)/45, 0), 1)
    c = "disable awo" if f == 1 else "enable awo; set transparency, %.3f, awo" % f**0.5
    cmd.mdo(n, c)
python end

Tí ògiri ẹ̀yìn bá ń da ojú rú, ẹ yan Uni-Layer lábẹ́ Setting, Transparency. Ògiri iwájú nìkan ló kù nígbà yẹn, nítorí náà ẹ yọ **0.5 kúrò.

Ẹ kíyè sí i pé fíréèmù kọ̀ọ̀kan ló ní àṣẹ tirẹ̀, títí kan àwọn tí nǹkan kan kò yí padà nínú wọn. Kì í ṣe àṣejù. Tí iná bá lọ ní Kàbà tàbí Ìsánlú nígbà tí iṣẹ́ dé fíréèmù 120, ẹ ó tún session (iṣẹ́ tí ẹ tọ́jú) ṣí, ẹ ó sì tẹ mpng fr, 120, 180; mpng ló ń kọ fíréèmù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí àwòrán PNG. Ká ní fíréèmù 105 nìkan la kọ disable sí, awọ ì bá padà wá. Ẹ tọ́jú session (.pse) kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ mpng.

viewport 1280, 720
set ray_trace_frames, 1
set ray_shadows, 0
set depth_cue, 0
set specular, 0
mpng fr

Òjìji awọ máa ń fò kúrò lẹ́ẹ̀kan náà bí a bá disable rẹ̀, dídán rẹ̀ sì máa ń ṣẹ́ kù bíi gíláàsì. Nítorí náà ni mo ṣe pa méjèèjì. Depth cue ń pa ohun tó jìnnà rẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ á sì rò pé fade náà ni. Ẹ má yí molecule náà po láàárín fíréèmù 60 sí 105. Ojú kò lè tẹ̀lé méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ètò ffmpeg so àwọn àwòrán náà pọ̀ di fídíò:

ffmpeg -framerate 30 -i fr%04d.png -crf 18 -pix_fmt yuv420p hbs.mp4

Bí ìwọ̀n viewport bá jẹ́ nọ́ńbà tí 2 kò lè pín dọ́gba, ffmpeg yóò kọ̀. Bí ẹ bá sì ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fídíò, WhatsApp á fún un pọ̀, ibi tí awọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá ló sì kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́.