Ọdún Tí Mọ́mì Lọ Kàwé

Ọdún 2024 ò ní oṣù méjìlá nílé wa. Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀: ní oṣù kìíní, ìyá àwọn ọmọ mi wọ bàálù lọ sí Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kàwé. Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí a ṣe ní oṣù kẹrin, àfi kí n lọ wo fọ́tò inú fóònù. Àbúrò, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ti ṣe kàlẹ́ńdà tiwa fún wa: "ayé àtijọ́" ni ìgbà tí Mọ́mì wà nílé, "ayé ìsinsìnyí" ni ìgbà tí Mọ́mì wà nínú fóònù. Ẹ̀gbọ́n, tó ti pé ọdún méje, ní irọ́ ni, ayé àtijọ́ ni ìgbà tí Dádì wà ní kékeré. Títí di àárọ̀ yìí, wọn ò tíì parí ìjà yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Oṣù kẹsàn-án 2023 ló yẹ kó lọ, kí gbogbo wa sì jọ lọ. Àmọ́ nígbà tí ìjọba dẹ okùn náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, owó ilé ìwé tí a ti ń tù jọ kò tó mọ́. Wọ́n gbà kó sún un sí oṣù kìíní 2024. Oṣù kìíní yẹn gan-an ni òfin tuntun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá ń lọ ka ìwé oyè gíga ọlọ́dún kan kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Oṣù mẹ́rin péré ló sọ ìrìn àjò ẹlẹ́ni mẹ́rin di ti ẹnì kan. Mo ti bínú sí i títí ó fi sú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn ọmọ.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó lọ nígbà tí Bódìjà bú gbàmù. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, 16 oṣù kìíní. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn ò lè gbàgbé ẹ̀: èèyàn kú, ilé wó, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì sọ pé ohun abúgbàù tí àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé ló fà á. A ò sí nítòsí ibẹ̀, síbẹ̀ gbogbo fèrèsé wa ló gbọ̀n. Àbúrò di mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Dádì, ṣé bàálù Mọ́mì ló já?" Mi ò rí ẹnu dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n ló gbà mí sílẹ̀: "Mọ́mì ti débẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ti jẹun, wọ́n ti fọṣọ." Mo pe ìyàwó mi, ó gbé e, a sì rí ojú ẹ̀. Àbúrò wò ó látòkè délẹ̀, ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀: "Wọn ò tíì fọṣọ. Aṣọ àná ni wọ́n ṣì wọ̀."

Oṣù kejì ni Màmá Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá ìyàwó mi, kó ẹrù wọn dé láti bá mi mójú tó àwọn ọmọ. Màmá gba ilé ìdáná, wọ́n gba ẹ̀kọ́ ilé, wọ́n gba àlọ́ alẹ́. Irun ló kù sí mi lọ́wọ́, torí làkúrègbé ò jẹ́ kí ìka Màmá ṣe é mọ́. Ilé ìwé àwọn ọmọ ló máa ń yan irun ọ̀sẹ̀: ọ̀sẹ̀ yìí ṣùkú, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ pàtẹ́wọ́ tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo máa ń kó wọn lọ sọ́dọ̀ onídìrí, èmi nìkan ọkùnrin láàárín àwọn obìnrin. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìlàrí ya irun, mo sì máa ń fi àdí àgbọn pa á fún wọn kó tó kàn wọ́n. Sátidé wá di ọjọ́ tí mò ń wọ̀nà fún.

Ibẹ̀ ni Àbúrò ti di akọ̀ròyìn. Tí wọ́n bá ti gbé orí ẹ̀ lé itan, ó máa ń dijú, gbogbo wa á rò pé ó ti sùn, àwọn ìyá á wá máa sọ tẹnu wọn. Lọ́jọ́ kan, bí a ṣe ń lọ sílé, ó ní, "Dádì, ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ Ìyá Aláta kì í sùn sílé mọ́?" Mo ní kó panu mọ́. Ó pa á mọ́ lóòótọ́, títí a fi dé ìsọ̀ Ìyá Aláta. Ó kúnlẹ̀ dáadáa bí Màmá ṣe kọ́ ọ, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ kú ìfaradà." Ìyá Aláta wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó. Ó fi tàtàṣé méjì ṣe èènì fún un. Nígbà tí mo ròyìn ẹ̀ nílé, Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní kí n gbé omi wá.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ orin orílẹ̀-èdè dé. Ní 29 oṣù karùn-ún, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí i pé kí Nàìjíríà padà sí orin tí wọ́n ń kọ láti 1960 títí di 1978. Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ èyí tó wà nílẹ̀ dénú ni, wọ́n sì ti yàn án pé kó máa dá a ní àsẹ́ńbílì. Ó wọlé, ó ju àpò ìwé sílẹ̀: "Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀!" Màmá, tí wọ́n ń já ewédú, fi ewé sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n nà ró bíi sójà, wọ́n sì kọ ẹsẹ àkọ́kọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ẹnu ya Ẹ̀gbọ́n. "Màmá, tíṣà wa gan-an ò tíì mọ̀ ọ́n tán! Ta ló kọ́ yín?" Àbúrò ti mọ ìdáhùn: tí a bá ti lọ tán láàárọ̀, Màmá máa ń yọ́ lọ sílé ìwé. Fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń yẹ àpò Màmá wò bóyá ó máa rí pẹ́ńsùlù. Alaalẹ́ ni àwọn mẹ́ta yẹn ń kọ orin náà, iná wà o, iná ò sí o.

Oṣù kẹsàn-án, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ pè wá, ẹ bá wa dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ nawọ́, ẹ nára. A dúpẹ́ gan-an ni. Mi ò ní tún un sọ. Ìyá kan tó fẹ́ rọra ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ní Màmá ti rìnrìn àjò. Àbúrò ní, "Ṣé àwọn náà lọ kàwé ni? Ta ló fún wọn ní físà?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tó ń sunkún. Ìyàwó mi náà gbọ́ ọ, torí orí WhatsApp ló ti bá wa sìnkú ìyá ẹ̀. Mo rí ojú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ aago.

Láti ìparí oṣù kẹta, aago Sheffield àti ti Ìbàdàn dọ́gba. Ní 27 oṣù kẹwàá, wọ́n dá tiwọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Mo ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé ọjọ́ Mọ́mì fi wákàtí kan gùn ju tiwa lọ lọ́jọ́ náà. Àbúrò ní, "Kí ni wọ́n fi ṣe?" Mo ní wọ́n fi sùn ni. "Wọn ò lè fi wá sílé?" Mo ní bàálù máa ń lò ju wákàtí mẹ́fà lọ kó tó dé Èkó. Ó rò ó. "Ẹ ní kí wọ́n máa tù ú jọ." Ẹ̀gbọ́n ní asán ni, wọ́n máa gbà á padà ní oṣù kẹta. Àbúrò bínú sí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn àfìgbà tí mo din dòdò.

Nígbà tí lítà epo kan kọjá ₦1,000, a gbé mọ́tò sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé. Inú àwọn ọmọ dùn bí ẹni pé wọ́n ń lọ sódò Ọ̀ṣun. Gbogbo ewúrẹ́ ojú ọ̀nà ni wọ́n ti sọ lórúkọ. A máa ń gba iwájú ilé epo kan kọjá, Àbúrò á sì kúnlẹ̀ kí àwọn tó tò síbẹ̀: "Ẹ kú ìnáwó o. Olúwa á dí i." Ohùn Màmá, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan jáde nínú mọ́tò, ó dọ̀bálẹ̀ fún un.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ onídìrí wa, tí kò fi owó lé owó irun àwọn ọmọ mi látoṣù kẹsàn-án. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àdúgbò tó ń gbà wọ́n sílé bí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́. Ìyàwó mi ti fi iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ ẹ̀ nínú oṣù yìí. Àṣẹ ọdún méjì wà tó lè gbà láti dúró ṣiṣẹ́ níbẹ̀, a ò sì tíì fẹnu kò. Ó fẹ́ wá kí wa ná, kó lọ rí ojú oórì ìyá ẹ̀. Mi ò tíì sọ ọjọ́ kankan fún àwọn ọmọ. Mo ti fọ aṣọ fèrèsé.

Lálẹ́ ọ̀la, a máa lọ ṣe àìsùn ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò ní ẹnu ọ̀nà ni òun máa jókòó sí, torí ọdún tó kọjá wọlé nígbà tí òun ń sùn, òun ò sì rí i. Ẹ̀gbọ́n ti ṣírò ẹ̀ pé ọdún tuntun máa fi wákàtí kan dé Ìbàdàn kó tó dé Sheffield. Wọ́n ti fi í ládèéhùn pé bí wọ́n bá ti rí i, àwọn á pe Mọ́mì lójú ẹsẹ̀. Àbúrò ní, "Bí kò bá dáa, a máa ní kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn fún un."

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún.